Ohun tí àgbẹ̀ kòkó lè béèrè lọ́wọ́ aṣòfin tó ń lọ sí Àbújá

Ìbéèrè: "Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kékeré kan ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó ń ṣojú wa l'Ábújá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wa ṣèpàdé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba pọ́ǹpù ìfọ́nkòkó àti ẹni tí yóò gba ọ̀kadà sílẹ̀. Èmi rò pé ó yẹ kí á béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé lọ́dọ̀ wọn, aṣòfin tó bá ti àdúgbò àgbẹ̀ wá a máa jà fún ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ nínú òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá kan. Ṣé irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbí? Kí sì ni kí á béèrè?"

Ìdáhùn:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Èmi kò ní bá yín gan pọ́ǹpù ìfọ́nkòkó, nítorí pé mo mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí, mo sì mọ ohun tí òjò oṣù Keje máa ń fi ojú èso kòkó rí bí oògùn kò bá tètè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ìjọba ìbílẹ̀ lè fún yín ní pọ́ǹpù, ọmọ ìlú tó rí já jẹ lè fún yín, ẹgbẹ́ yín gan-an lè dáwó jọ kí ó rà á. Ohun kan wà tí ẹni tó ń lọ sí Àbújá nìkan lè bá yín ṣe, òun náà ni pé kí ó fi gbólóhùn kan tó bá oko yín mu sínú òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa lò. Ìdáhùn mi kò ju èyí lọ: ẹ béèrè gbólóhùn, kí gbólóhùn náà sì jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ti wọ̀n lórí oko yín kí àlejò yín tó dé. Àlàyé ni ìyókù.

Ọmọ yín kò parọ́. Òfin tó ń sọ ni wọ́n ń pè ní Farm Bill. Ọdún 1933, nígbà tí ọjà àgbẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ náà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, wọ́n sì máa ń tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2018 kọjá àkókò rẹ̀ ní 2023, tí wọ́n sì ní láti máa sún un síwájú. Nígbà tí wọ́n bá jókòó lé e lórí, ẹni tó ti ibi òwú wá a gbé ọ̀rọ̀ òwú kalẹ̀, ẹni tó ti ibi ẹ̀pà wá a gbé ti ẹ̀pà, kò sì sí ẹni tó ń torí ìyẹn pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ẹ wo ti òwú ná. Brazil gbé Amẹ́ríkà lọ sí àjọ ìṣòwò àgbáyé lórí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tó ń gbin òwú, Brazil sì jàre. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ti 2014, wọ́n yọ òwú kúrò lára ohun ọ̀gbìn tí ìjọba máa ń gbè nígbà tí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ lọ́jà. Àwọn aṣòfin ìhà gúúsù, níbi tí òwú ti ń hù, kò lọ ya aṣọ níwájú ilé pé kí wọ́n dá òwú padà. Wọ́n ní "òwú oníkóró" ni kí wọ́n kọ, ìyẹn òwú tí wọn kò tí ì yọ kóró rẹ̀ kúrò, orúkọ tuntun náà sì wọlé nínú òfin ìṣúná kan ní oṣù Kejì 2018. Mo gbà pé ọgbọ́n ìjàpá díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi kún òfin, owó àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan sì padà sí ọ̀nà.

Ti wàrà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ètò kan wà tí ìjọba wọn fi ń san owó fún àwọn tó ń fún wàrà màlúù, nígbà tí èrè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó oúnjẹ màlúù bá kéré jù. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2014, àgbẹ̀ kékeré a san owó ìwọlé rẹ̀, bóyá ni yóò sì fi rí nǹkan gidi gbà padà. Àwọn aṣòfin tó ti ibi tí ọgbà màlúù kéékèèké pọ̀ sí wá, tí Sẹ́nétọ̀ Patrick Leahy ti Vermont wà lára wọn, lọ́gun títí tí wọ́n fi tún un kọ ní 2018. Nínú èyí tí wọ́n tún kọ, wọ́n pààlà: pọ́n-ùn wàrà mílíọ̀nù 5 àkọ́kọ́ tí ọgbà kan bá fún lọ́dún ni ìjọba yóò dáàbò bò ní owó pọ́ọ́kú, ohun tó bá lé sí i, olówó rẹ̀ yóò san owó gidi lé e lórí. Mílíọ̀nù 5 yẹn tó wàrà tí nǹkan bí igba màlúù ń mú wá lọ́dún. Ní 2025 wọ́n sún un sí mílíọ̀nù 6. Kò sí orúkọ Vermont nínú gbólóhùn náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ "ẹ ṣàánú àgbẹ̀ kékeré" níbẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ni wọ́n kọ, ìwọ̀n náà sì mọ ẹni tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Àwa kò ní irú òfin ńlá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Tiwa fọ́n káàkiri: òfin tó ń dúró fún àgbẹ̀ ní báǹkì wà láti 1977, ti adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ wà láti 1993, ti àjọ tó ń mójú tó irúgbìn àti ti ìdárasí ajílẹ̀ dé ní 2019, ti ẹ̀tọ́ ẹni tó bá mú irúgbìn tuntun jáde dé ní 2021, èyí tó dá àkànṣe owó ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ sì dé ní 2022. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ ní láti mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ́wọ́ Àbújá nìkan. Ó fi í sára àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ní àṣẹ lé lórí. Àbújá lè dá ilé ìwádìí sílẹ̀, bí irú èyí tó wà fún kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn láti 1964, ó sì lè dá àjọ tí yóò máa yá àgbẹ̀ lówó sílẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tí tiwa wà ní Òṣogbo, lè ṣòfin lórí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní ipa tirẹ̀ tí ìwé òfin kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó orí ọjà tó ń jáde lọ sí òkè òkun, àyẹ̀wò àti gíréèdì ohun ọ̀gbìn tó ń jáde, àti ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, Àbújá nìkan ló ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá dìde níbi ìpàdé yín tó ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà tó lọ sí oko òun, òótọ́ ni pé ọ̀nà náà kò dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ló ń kàn. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e lọ sí ibi tó yẹ, kí ó má baà gba àkókò tí ẹ ní pẹ̀lú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó kòkó tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín yóò rántí bóòdù. Láti 1947 ni bóòdù tó ń ra kòkó ti wà, ó di ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ó tún padà di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1977, títí tí ìjọba ológun fi pa á rẹ́ ní 1986. Kò sí ilé aṣòfin nígbà náà tí àgbẹ̀ lè rán ẹnikẹ́ni lọ. Owó kòkó gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúróṣinṣin iye owó lọ, àyẹ̀wò sì dẹ̀, tí kòkó tutù àti kòkó gbígbẹ fi ń wọ àpò kan náà. Èmi kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ń sunkún bóòdù, nítorí pé owó tí wọ́n ń yọ kúrò lórí kòkó àwọn bàbá wa kò kéré. Mo kàn mú un wá kí ẹ lè rí i pé òfin kan tí wọ́n ṣe níbi jíjìn lè yí sísá kòkó padà ní àgbàlá yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wọ oko. Ìṣòro tó yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ni àkókò. Ìrẹsì kì í gbà ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ, àgbàdo lè máà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yáwó gbin ìrẹsì lè ta á kí ọdún tó yí po, kí ó sì san án padà. Kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú nítorí ìbòòji, ẹ ó lọ́ ọmọ kòkó sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ẹ ó máa ro ó, ẹ ó sì máa dípò èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa. Irú tuntun láti ilé ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kejì sí ìkẹta, ti àtijọ́ a máa tó ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, èso tó sì ṣeé fi yangàn tún jìnnà sí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ igi tó wà lóko wa ló ti gbó. Ẹni tó gbìn wọ́n ti kú, ọmọ rẹ̀ ti ń lo ọ̀pá. Àfi kí á gé wọn kí á tún gbìn, àgbẹ̀ tó bá sì gé igi tó ń fún un ní àpò méjì lọ́dún, nítorí pé òmíràn yóò fún un ní mẹ́fà lọ́jọ́ iwájú, gbọ́dọ̀ jẹun láàárín ọdún wọ̀nyí.

Nísinsìnyí, ẹ wá wo òfin ti 1977 tó ń dúró fún àgbẹ̀ ní báǹkì. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san gbèsè rẹ̀, àkànṣe owó tí òfin náà dá sílẹ̀ lè san tó ìdá 75 nínú 100 ohun tó ṣẹ́ kù fún báǹkì. Nínú àwọn iṣẹ́ àgbẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀, oko kòkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà àti ọ̀pẹ. Ìyẹn ni pé orúkọ kòkó ti wà nínú òfin fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, síbẹ̀ ẹ bi ara yín léèrè, ẹni mélòó nínú ẹgbẹ́ yín ló ti torí rẹ̀ rówó yá tún oko gbìn? Orúkọ nìkan kò tó. Bí òfin bá dárúkọ kòkó, tí kò sì ní kí báǹkì dúró de kòkó, báǹkì yóò ka oṣù mẹ́rin tí ó mọ̀, yóò sì ní kí ẹ wá san tòun.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbé síwájú àlejò yín ni àtúnṣe sí òfin ti 2022, èyí tó dá àkànṣe owó iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Owó tí a bá yá àgbẹ̀ lábẹ́ òfin yìí láti gbin igi tí ó ń pẹ́ kí ó tó so, tàbí láti tún un gbìn, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í padà kí ọdún kẹrin tó pé láti ọjọ́ tí a gbìn ín." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ kòkó, mi ò sì dárúkọ Ọ̀ṣun. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Gbólóhùn kejì jáde láti inú ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo bá bàbá àgbàlagbà kan lọ sí oko rẹ̀ ní ìhà gúúsù Ifẹ̀, tòun ti fóònù tó ń wọn ilẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń rìn. Pèrègún ni ààlà oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ṣáájú, ó ń fi àdá kan pèrègún kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kọjá, ó sì ń dárúkọ ẹni tó wà lódì kejì. Ó ti sọ fún mi kí á tó jáde nílé pé éékà méje ni oko òun. Nígbà tí a padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, fóònù sọ pé hẹ́kítà 1.7 ni, ìyẹn éékà mẹ́rin àti díẹ̀. Bàbá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sókè yí i sódò, ó wá béèrè pé, "Ṣé fóònù yìí gun òkè tí a gùn yẹn ni, àbí ó kàn fò ó?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo rí i pé bàbá kò jayò pa, nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa wọn ilẹ̀ bí ẹni pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni.

Ohun tó gbé wa dé oko náà ni òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023, pé kòkó tó bá ti oko tí wọ́n gé igbó fún lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá bọ́ sí ìparí 2026 fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá ń kó kòkó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ilẹ̀ tí kòkó náà ti hù lórí máàpù. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, wọn yóò ya ààlà rẹ̀ yípo. Èyí tó bá kéré sí i, ojú kan péré láàárín oko ti tó. Ìwọ̀n mìíràn tún nìyẹn, bíi ti wàrà, ó sì gba oko bàbá yẹn là lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé bàbá lọ́kàn kì í ṣe ti ìwọ̀n. Lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó dá oko náà sí, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé orúkọ ta ni wọn yóò kọ sí ara máàpù náà. Bí wọ́n bá kọ tòun, onílẹ̀ yóò ní ó fẹ́ gba ilẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ti onílẹ̀, kòkó òun yóò di ti onílẹ̀ nínú ìwé. Mi ò ní èsì tó lè mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí pé òfin ló yẹ kí ó dáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni l'Ábújá lọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn tó ń jáde wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà gbólóhùn kejì yín lè jẹ́ pé: "Àkọsílẹ̀ oko tí a bá ṣe nítorí ọjà òkè òkun yóò kọ orúkọ ẹni tó ń dáko àti ti onílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní jẹ́ ẹ̀rí ìní ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì ní gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nítorí rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí onílẹ̀ àti olóko jọ jókòó kí wọ́n tó gbé e jáde, kí ó má di pé ẹ̀yin fúnra yín ń bá ara yín jà níwájú àlejò.

Ọ̀rọ̀ góòlù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dá a sílẹ̀, pàápàá bí ìpàdé náà bá súnmọ́ ìhà Ìtagunmọ́dì tàbí Ìperindó. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 ti ní kí ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakùsà san owó ohun ọ̀gbìn tó bá bàjẹ́, kí ó sì bá ará ìlú kọ ìwé àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, tó wá lóru tó gbẹ́ ihò sábẹ́ kòkó yín, kò sí nínú àdéhùn kankan. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣọ́ àti ọlọ́pàá ju ọ̀rọ̀ àtúnṣe òfin lọ. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó igi kòkó kan tí wọ́n gbẹ́ dànù: ṣé iye èso ọdún yìí nìkan ni, tàbí ti ogún ọdún tí igi náà ì bá tún fi so? Níbẹ̀ ni àgbẹ̀ ti máa ń pàdánù jù.

Ẹ sì máa ṣọ́ àbádòfin tí kò dárúkọ yín rárá. Ní 2025, ọ̀kan wà níwájú àwọn aṣòfin tó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ohun ìpèsè èyíkéyìí jáde ní tútù láìjẹ́ pé wọ́n ti fi iṣẹ́ tó tó ìdá 30 nínú 100 kún iye rẹ̀ nílé. Ó dára létí, nítorí pé gbogbo wa la fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ṣokoléètì ní Iléṣà. Àmọ́ bí ilé iṣẹ́ tó ń lọ kòkó kò bá pọ̀ tó, tí ẹnubodè sì tì, alágbàtà yóò wá bá yín ní iye tó bá wù ú. Aṣojú àgbẹ̀ kòkó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tako irú àbádòfin bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò béèrè ni kí wọ́n fi ọdún díẹ̀ sí i fún kòkó kí ilé iṣẹ́ lè dìde kọ́kọ́. Ẹ rántí pé ní 2024 kòkó kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ó sì tún já wálẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ọjà tó ń fò sókè fò sódò bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n tún fi okùn so ó lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku iye ìbò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní ọmọ ilé 360, mẹ́sàn-án péré ni Ọ̀ṣun ní níbẹ̀. Bí a bá kó Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ẹdó àti Cross River pọ̀, àwọn tí ohun tó kan kòkó kàn jẹ́ 64. A kò lè fi 64 ṣe òfin fún 360. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti pàdé ìṣòro yìí ṣáájú wa: bí iye àgbẹ̀ wọn ṣe ń dínkù, àwọn aṣòfin ìlú ńlá kò rí ìdí láti dìbò fún òfin àgbẹ̀ mọ́. Ní 1973, wọ́n fi owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tálákà sínú òfin kan náà. Láti ìgbà náà, ará ìlú ńlá ń dìbò nítorí oúnjẹ, ará oko ń dìbò nítorí ọjà, owó oúnjẹ náà ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà lónìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "igi tí ó ń pẹ́ kí ó tó so" sínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Kajú wà ní Kogí àti Kwara. Rọ́bà wà ní Ẹdó àti Delta. Òrí wà ní Niger. Igi tó ń mú gọ́ọ̀mù wá wà ní Borno, Yobe àti Jigawa. Gbogbo wọn ló ń gba ọdún bíi ti kòkó, àwọn aṣojú wọn sì pọ̀ nínú ilé. Bí aṣojú yín bá gbé gbólóhùn yẹn lọ bá ẹni tó ti Yobe wá, kì í ṣe pé ó ń tọrọ ojú rere fún Ìjẹ̀ṣà, ó ń fún un ní ohun tí òun náà lè gbé lọ sílé. Bí ẹ bá kọ "kòkó" nìkan, aṣojú yín yóò dá dúró pẹ̀lú 63 yòókù.

Ní ti bí àbádòfin ṣe ń rìn, mi ò ní fi gùn. Ọmọ ilé èyíkéyìí lè gbé àbádòfin wá. Wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọn yóò jiyàn lé e lórí ní kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, yóò padà wá fún kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, yóò sì tún kọjá ní ilé kejì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni ìpàdé ìtagbangba ti máa ń wáyé, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ bíi tiyín ti lè fi ìwé àbá ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń ta ajílẹ̀ àti àwọn tó ń kó ọjà lọ sí òkè òkun ló máa ń kún ibẹ̀, torí pé wọ́n lówó ọkọ̀. Ilé aṣòfin tó wà níbẹ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, yóò sì parí ní oṣù Kẹfà 2027. Àbádòfin tí kò bá tí ì jáde nígbà náà ti sùn, àfi bí ilé tuntun bá tún gbé e dìde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣèlérí fún yín láìdá ọjọ́ sí i.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ yan oko mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́, ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ kọ ọjọ́ orí igi ibẹ̀ àti iye àpò tó jáde lọ́dún tó kọjá sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè wọ̀n ọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí yóò dùn mọ́ láti fi kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ fún àlejò yín ní ewé ìwé kan ṣoṣo: gbólóhùn méjèèjì lókè, oko mẹ́wàá nísàlẹ̀. Ẹ bi í pé inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó wo ló wà, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ láti ibi kajú àti ibi òrí, oṣù wo sì ni yóò ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀kíní. Kí ó buwọ́ lu ẹ̀dà kan pé òun gbà á, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà sínú àpótí ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá tún gbé pọ́ǹpù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọn oko mẹ́wàá yẹn, ẹ fi iye wọn ránṣẹ́ sí mi kí á jọ tún gbólóhùn náà yẹ̀ wò. Bí oko kan bá wà lórí òkè, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí òkè ló wà, nítorí bàbá yẹn.